Hackney Diamonds: ọdún 18 wo ni wọ́n ń sọ, ta ló sì ń lu ìlù?

Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, nígbà tí Barcelona gba Real Madrid lálejò, aṣọ tí wọ́n wọ̀ wọ pápá kò ní orúkọ Spotify, ilé iṣẹ́ orin orí ayélujára, láyà bó ṣe máa ń wà níbẹ̀. Ètè pupa kan ló wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó yọ ahọ́n gbọọrọ. Gündoğan ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Bellingham dá méjì padà, Madrid sì mú 2-1 lọ sílé. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ní tiẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa orin òyìnbó, á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ń yọ ahọ́n sí ta.

Àmì ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ni ahọ́n yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ John Pasche, tó wà ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ló yà á. Àádọ́ta pọ́n-ùn péré ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un. Ara àwo orin Sticky Fingers, tó jáde ní 1971, ni aráyé ti kọ́kọ́ rí i. Spotify ló ń sanwó iwájú aṣọ Barcelona, wọ́n sì yọ̀ǹda àyè náà fún ẹgbẹ́ yìí lọ́jọ́ yẹn torí pé àwo wọn tuntun, Hackney Diamonds, ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́jọ lórí àtẹ ni.

Ẹni tó bá wá fẹ́ kà nípa àwo yìí lè má mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Níbì kan, á rí i kà pé àwo àkọ́kọ́ wọn láàárín ọdún 18 ni. Níbòmíràn, ọdún méje ni wọ́n kọ. Àwọn kan á ní àwo 24 nìyí, àwọn mìíràn á ní 26 ni. Wọ́n á tún sọ fún un pé Charlie Watts ló lu ìlù nínú méjì lára àwọn orin náà, á ka ìlà méjì sí i, á sì bá a níbẹ̀ pé Charlie Watts ti kú láti 2021. Kò sí irọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọdún 1962 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mick Jagger ni olórí akọrin, Keith Richards ló ń ta gìtá. Ọmọ Dartford ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ti mọra láti kékeré, wọn ò sì ríra mọ́ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1961 tí wọ́n pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú náà. Àwo Chuck Berry àti ti Muddy Waters, àwọn olórin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wà lábíyá Jagger lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló fa ọ̀rọ̀ jáde. Charlie Watts tó ń lu ìlù dé bá wọn ní oṣù kìíní 1963. Ronnie Wood, onígìtá kejì, kò dé títí di 1975. Nígbà tí Hackney Diamonds jáde, Jagger jẹ́ ẹni 80 ọdún, Richards 79, Wood 76. Jagger tiẹ̀ ti rí ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "àwo sitúdíò" ló yẹ ká là yéra ṣáájú ohun gbogbo, torí pé òun ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé. Àwọn tó ń gbọ́ fújì àti jùjú mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Live play tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìnáwó, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki àwọn olówó, orin kan á wọnú òmíràn, ìlù ò ní sinmi. Àwo tí olórin wọ sitúdíò lọ ṣe ní tiẹ̀, orin kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti gé e, wọ́n ti tún un ṣe. Rolling Stones ní oríṣi méjèèjì, wọ́n sì ní ẹ̀kẹta tó pọ̀ bíi yanrìn, ìyẹn àkójọ àwọn orin tó ti jáde tẹ́lẹ̀ rí. Tí ẹ bá gbọ́ "àwo sitúdíò 24", live play kò sí nínú kíkà yẹn, àkójọ kò sí níbẹ̀.

Ó wá kan ọdún 18 àti ọdún méje. Àwo A Bigger Bang jáde ní oṣù kẹsàn-án 2005, Hackney Diamonds jáde lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá 2023. Ọdún 18 ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá 2016, àwo kan tó ń jẹ́ Blue & Lonesome jáde, àwo sitúdíò lòun náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é, ní oṣù kejìlá 2015, ní sitúdíò British Grove tó wà ní Chiswick, ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Eric Clapton ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lọ́wọ́ nílé kan náà, wọ́n ní kó yà wọlé, ó bá wọn ta gìtá nínú orin méjì. Orin 12 ló wà nínú àwo náà, kò sì sí ẹyọ kan tí Jagger tàbí Richards kọ níbẹ̀. Orin blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ìgbà àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, ti Little Walter, ti Howlin' Wolf, ti Willie Dixon àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Torí náà, ẹni tó bá ń ka àwo sitúdíò á ka ọdún méje. Ẹni tó bá ń ka àwo tí orin inú rẹ̀ jẹ́ tiwọn fúnra wọn á ka 18. Àwọn oníròyìn tó kánjú ló yọ "tiwọn fúnra wọn" kúrò nínú àkọlé, tí wọ́n sì fi da ọ̀rọ̀ rú. Kódà, Hackney Diamonds náà kò mọ́ tán: orin 11 ló jẹ́ tiwọn, ìkejìlá jẹ́ ti Muddy Waters, orin tó kọ ní 1950 tó ń jẹ́ Rollin' Stone. Inú orin yẹn ni orúkọ ẹgbẹ́ náà ti wá. Keith Richards máa ń sọ pé Brian Jones, tó kó ẹgbẹ́ jọ nígbà náà, wà lórí fóònù pẹ̀lú oníwèé ìròyìn tó bi í pé kí ni orúkọ wọn. Wọn ò tíì ní orúkọ kankan. Jones wo ilẹ̀, ó rí àwo Muddy Waters níbẹ̀, ó sì ka orúkọ orin tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 60 ni wọ́n tó wá kọ orin ọ̀hún sínú àwo tiwọn.

Ti 24 àti 26 ló gba sùúrù jù, torí pé ọ̀rọ̀ ajé ló wà nídìí rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ Decca ló ń gbé àwo wọn jáde ní Bìrìtéènì. Ní Amẹ́ríkà, London Records ni, ẹ̀ka Decca lọ́hùn-ún. Àṣà ọjà ìlú méjèèjì kò bára mu rárá. Ní Bìrìtéènì, orin tí wọ́n bá ti tà lórí àwo kékeré, èyí tó ń gba orin kan lójú kan, wọn kì í sáábà fi í sínú àwo ńlá mọ́, kí oníbàárà má baà pariwo pé wọ́n gbowó lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, orin tó bá ti gba orí rédíò kan gan-an ni wọ́n fi ń ta àwo ńlá. Wọ́n tún máa ń dín iye orin inú àwo kan kù, kí ìyókù lè di àwo mìíràn.

Ẹ wo àwo Out of Our Heads ti ọdún 1965. Ti Amẹ́ríkà jáde ní oṣù keje, orin Satisfaction tí gbogbo ayé mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ti Bìrìtéènì jáde ní oṣù kẹsàn-án, orúkọ kan náà, àwòrán iwájú ọ̀tọ̀, orin ọ̀tọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, Satisfaction kò sì sí níbẹ̀. Àwọn orin tó ṣẹ́ kù tí Amẹ́ríkà kò tíì tà, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn lóṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n pè é ní December's Children. Kò sí àwo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì nígbà yẹn rárá. Ṣáájú rẹ̀, ní 1964, wọ́n ti mú orin márùn-ún tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀ ní sitúdíò Chess ní Chicago, èyí tí àwọn ará Bìrìtéènì rà lórí àwo kékeré mìíràn tó gba gbogbo márààrún, wọ́n fi méje kún un, wọ́n sọ ọ́ ní 12 X 5: orin 12, èèyàn márùn-ún. Nígbà tí ọdún 1965 fi máa parí, àwo ńlá mẹ́ta ló ti jáde ní Bìrìtéènì, márùn-ún ló ti jáde ní Amẹ́ríkà.

Àwo méjì tó lé yẹn kò kúrò mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ṣì ń yí orin padà nínú Aftermath ti 1966, tó ní orin 14 ní Bìrìtéènì àti 11 ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n iye àwo ti ń lọ déédéé. Oṣù kejìlá 1967 ni wọ́n tó gbé àwo kan jáde tí orin inú rẹ̀ rí bákan náà ní ìlú méjèèjì, Their Satanic Majesties Request, àwo 6 ní Bìrìtéènì, àwo 8 ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe di 24 àti 26 ní 2023 nìyẹn. Tí ẹ bá rí ẹni tó ka 27, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó fi Flowers kún un, àkójọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 1967. Ẹ má bá a jà.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé kí ni wọ́n ń ṣe fún ọdún 18 yẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọdún 18 ni wọ́n fi jókòó ti àwo yìí, bí ẹni ń gbẹ́ ère. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ sitúdíò lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n gba orin sílẹ̀, wọ́n sì pa á tì. Blue & Lonesome fúnra rẹ̀ wáyé torí pé orin tuntun tí wọ́n lọ ṣe ní Chiswick kò fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Richards ní kí wọ́n ta orin blues kan láti fi mọ bí yàrá náà ṣe ń dún. Wọ́n ta ọ̀kan, ó dùn, wọ́n ta òmíràn, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, àwo kan ti délẹ̀ tí wọn ò pètò rẹ̀. Láàárín kan náà, wọ́n ń lọ káàkiri ayé láti ṣeré, Jagger lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní oṣù kẹrin 2019, Kòrónà wá ti gbogbo ilé ìṣeré pa. Orin Living in a Ghost Town tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ jáde ní 2020 lójijì torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ìgbà ìsémọ́lé mu. Kò sí lára orin 12 inú Hackney Diamonds.

Nígbà tó di ìparí 2022, Jagger dá ọjọ́: kí iṣẹ́ parí kó tó di ọjọ́ olólùfẹ́, 14 oṣù kejì 2023. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n gba orin tó ju 20 lọ sílẹ̀ wàrà-wàrà, wọ́n parí èyí tó kù ní oṣù kìíní, wọ́n po ohùn rẹ̀ pọ̀ ní oṣù kejì. Oṣù mélòó nìyẹn? Jagger fẹnu ara rẹ̀ sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ àwo náà pé bóyá àwọn ti ya ọ̀lẹ díẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Kò sí ohun tó ń mú olórin jáfáfá bíi ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀, pàápàá olórin tí owó kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó sì dúró lé wọn lórí ni Andrew Watt, ọmọ New York tó jẹ́ ẹni 32 ọdún nígbà náà. Pùrodúsà ni. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá pe èèyàn ní pùrodúsà orin, ẹni tó ń ṣe bíìtì lórí kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń wá síni lọ́kàn. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta ohun èlò bíi Rolling Stones, òun ló ń sọ pé èyí ti tó, pé ẹ tún ti ìlà kejì kọ, pé orin yìí ti gùn jù, pé gìtá ìwọ yìí ń bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Wọ́n nílò ẹni tí kò ní wo ojú wọn. Watt ti bá Ozzy Osbourne àti Iggy Pop ṣiṣẹ́, àwọn àgbà olórin rock tí àwọn náà kì í ṣọmọdé nígbà náà. Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles wà lára àwọn tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ipa rẹ̀ ju ti alábòójútó lọ: orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú ti Jagger àti Richards gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin mẹ́ta, Angry, Get Close àti Depending on You. Àwọn kan kò fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó fọ ohùn wọn mọ́ jù, pé ìdọ̀tí díẹ̀ ló ń mú Rolling Stones dùn. Wọ́n rí nǹkan sọ. Tí ẹ bá gbọ́ Angry lẹ́yìn orin wọn èyíkéyìí láti 1972, ẹ ó rí i pé ti ìsinsìnyí ń dán bíi mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Ó wá ku onílù. Charlie Watts kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ 2021, lẹ́ni 80 ọdún. Steve Jordan, tó ti ń bá Keith Richards ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1980, ló jókòó sídìí ìlù lẹ́yìn rẹ̀, Charlie fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i kó tó lọ. Jordan ló lu èyí tó pọ̀ jù nínú àwo náà. Ṣùgbọ́n Mess It Up àti Live by the Sword, Charlie ló lù wọ́n, ní 2019.

Kò sí idán níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń sín ohùn òkú jẹ. Nínú sitúdíò, wọn kì í da gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan. Ìlù ní máìkì tiẹ̀, gìtá ní tiẹ̀, akọrin ní tiẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èèyàn lè pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ kí ìyókù máa dún, ó lè yọ gìtá tó wà níbẹ̀ kó fi òmíràn rọ́pò, ó lè pa á mọ́ fún ọdún mẹ́rin kó tó fi ohùn akọrin lé e. Ìlù Charlie wà níbi tó wà láti 2019. Àwọn tó kù ló wá bá a níbẹ̀.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí, lọ́nà tó tiẹ̀ jù báyìí lọ. Ní 1981, wọ́n fẹ́ gbé àwo jáde, kò sì sí àkókò láti kọ orin tuntun. Chris Kimsey, tó ń bá wọn ṣe ohùn, wọ inú àpótí lọ, ó ń tú téèpù àtijọ́. Ó rí Start Me Up níbẹ̀, orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo Some Girls, tí wọ́n sì fẹ́ sọ di reggae tẹ́lẹ̀. Ó rí Waiting on a Friend tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà ní 1972. Wọ́n fi ohùn sí i, wọ́n tún un ṣe, ó di Tattoo You, ọ̀kan nínú àwọn àwo wọn tó tà jù.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ọwọ́ Charlie mọ̀, nǹkan kan wà tó máa ń ṣe. Onílù rock púpọ̀ máa ń lu hi-hat, ìyẹn àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn, láìdáwọ́ dúró, tí ọwọ́ kejì á sì máa fi snare, ìlù tó ń dún pá-pá-pá, há a láàárín. Charlie kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá fẹ́ bọ́ sórí snare, á gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí hi-hat pátápátá, á jẹ́ kí snare nìkan dún, kó tó padà. Tí ẹ bá wo fídíò rẹ̀, ẹ ó rí i tí ọwọ́ náà ń fò sókè bíi ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àyè máa ń wà nínú ìlù rẹ̀, atẹ́gùn máa ń gbà á kọjá. Jordan ní tiẹ̀ le lọ́wọ́, ìlù rẹ̀ ń ti orin síwájú. Ẹ gbọ́ orin kẹfà, kí ẹ wá gbọ́ ìkeje, ẹ fi etí sí ìlù nìkan.

Àwọn àlejò inú àwo náà pọ̀, mi ò sì ní dá gbogbo wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Elton John ta píánò nínú orin méjì, kò kọrin rárá. Bill Wyman, tó ta báàsì fún wọn fún ọdún 30 kó tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1993, padà wá fún Live by the Sword lẹ́ni 86 ọdún, kó lè bá ìlù Charlie rìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Paul McCartney ta báàsì tó ń han gooro nínú Bite My Head Off. Ó yani lẹ́nu díẹ̀, torí pé láti 1963 ni aráyé ti ń fi Beatles àti Rolling Stones ṣe ọ̀tá ara wọn, bẹ́ẹ̀ McCartney àti John Lennon ló fún wọn ní orin kejì tí wọ́n tà lọ́dún yẹn. McCartney kan náà ló wá sí Èkó ní 1973, tó gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sitúdíò EMI ní Àpápá, tí Fẹlá sì lọ ká a mọ́ ibẹ̀ pé ó wá jí orin Áfíríkà gbé. McCartney ní láti tẹ téèpù rẹ̀ fún Fẹlá gbọ́ kó tó gbà pé kò sí nǹkan Áfíríkà níbẹ̀.

Lady Gaga ní tiẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe nínú sitúdíò kan náà ní Los Angeles. Ó yọjú wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta Sweet Sounds of Heaven lọ. Wọ́n gbé máìkì fún un. Stevie Wonder wà nídìí píánò. Ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀ ni orin náà, ó sì dún bí orin ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ẹ ó gbọ́ ibi tó ti fẹ́ parí, tí ohun èlò ti dákẹ́, tí Jagger àti Gaga wá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì fún ara wọn, tí ìlù rọra wọlé padà. Ibẹ̀ ni mo rò pé àwo náà ti ga jù.

Orúkọ àwo náà máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ bíi pé òkúta iyebíye ni. Àdúgbò kan ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni Hackney, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ọjà Ridley Road wà ní Dalston, níbi tí iṣu àti ata rodo kò ti wọ́n. Lẹ́nu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, "dáyámọ́ńdì Hackney" ni ègé dígí tó máa ń wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí olè bá fọ́ fèrèsé ilé tàbí ti mọ́tò. Torí ẹ̀ ni àwòrán ọkàn tó ń fọ́ bíi dígí ṣe wà níwájú àwo náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìpolówó kan sínú ìwé ìròyìn Hackney Gazette ní oṣù kẹjọ 2023, bíi ti ṣọ́ọ̀bù tó ń tún dígí ṣe, ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí orúkọ orin wọn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ní Hackney Empire, ilé ìṣeré àtijọ́ kan ládùúgbò náà.

Wọ́n ní ayé tẹ́wọ́ gba àwo náà. Ta ni ayé? Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀. Ẹ̀kíní ni títà. Ní Bìrìtéènì, ó gba ipò kìíní, ìgbà 14 tí àwo wọn máa débẹ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ipò kẹta ni. Kíkà yẹn kì í ṣe ti àwo tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan mọ́. Ní 2023, tí àwọn tó ń sanwó oṣooṣù ní Amẹ́ríkà bá tẹ orin inú rẹ̀ gbọ́ ní ìgbà 1,250, wọ́n máa ń kà á sí àwo kan nígbà náà. Wọ́n tún tẹ àwo kan náà ní oríṣiríṣi èèpo, kódà èèpo kọ̀ọ̀kan wà fún gbogbo ẹgbẹ́ baseball ńlá 30 tó wà ní Amẹ́ríkà, kí ẹni tó ń kó nǹkan jọ lè rà ju ẹyọ kan lọ. Ọgbọ́n ọjà ni, ipò lórí àtẹ kò sì sọ fún yín bóyá orin dùn.

Èkejì ni àwọn tó ń gbọ́ orin tí wọ́n sì ń kọ èrò wọn sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ wọn yìn ín, ohun tí wọ́n sì ń sọ jù ni pé láti Tattoo You tàbí Some Girls, wọn ò tíì ṣe èyí tó dáa tó o. Ẹ má fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tí àwọn bàbá yìí bá ti gbé àwo jáde. Ohun tó jọ mí lójú ni pé àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà kò sọ pé ohùn Jagger ti lọ. Ohùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ lẹ́ni ọdún 79 tó jẹ́ nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, ó sì ṣòro gbàgbọ́. Ẹ̀kẹta ni àmì ẹ̀yẹ. Ní oṣù kejì 2025, ó gba Grammy fún àwo rock tó dára jù. Ní 1995 tí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀ka yẹn sílẹ̀, Rolling Stones ló gbà á pẹ̀lú Voodoo Lounge, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló wà láàárín.

Wọ́n gbé orin náà jáde lọ sójú agbo ní Amẹ́ríkà ní 2024. AARP ló gbé owó ìrìn àjò náà kalẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti lé ní 50 ọdún lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó fi bò.

Gbogbo àwo náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 48 lọ. Ẹni tí àyè ò gbà, kó bẹ̀rẹ̀ láti orin kẹjọ, Live by the Sword, kó fi nǹkan sétí, kó sì ranti pé ìlù tó ń gbọ́ jẹ́ ti 2019, báàsì àti píánò jẹ́ ti àwọn tó wá bá a lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fo méjì, kó gbọ́ Sweet Sounds of Heaven, kó má sì pa á nígbà tó bá kọ́kọ́ dákẹ́. Tí ìyẹn ò bá wọ̀ ọ́ lára, ìyókù ò lè wọ̀ ọ́.